Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Rí Ọ̀nà Padà Sọ́dọ̀ Dókítà Rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní GOPD, ẹ̀ka tí aláìsàn ti ń kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, àga onígi ti máa ń kún kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò mú orúkọ àìsàn lọ́wọ́ wá. Ohun tí wọ́n mú wá ni "orí ń fọ́ mi," "ara mi ń gbóná," "àyà mi ń já," "ọmọ yìí ò jẹun láti àná." Ìṣẹ́jú mélòó kan ni dókítà ẹbí tó wà nínú yàrá kékeré ibẹ̀ ní láti fi mọ èyí tí yóò lọ fúnra rẹ̀, èyí tó ń fẹ́ oògùn, àti èyí tó yẹ kí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH tàbí LUTH.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀gá dókítà tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ tiwọn ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Àìsàn náà ti fojú hàn, èsì àyẹ̀wò ti wà nínú fáìlì. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹbí ni àìsàn ti ń kọ́kọ́ yọjú, nígbà tí kò tíì ní àwọ̀ tó ṣeé dá mọ̀. Ibà tí yóò lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àti ibà tí yóò pa ènìyàn lè jọra bí ìbejì ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Èrò ìwé ìròyìn yìí lórí ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ohun èlò tó lágbára jù lọ tí dókítà ẹbí ní, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, ni kó tún aláìsàn náà wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwa sì ti sọ ìpadàwá di ohun olówó, ohun aápọn, ohun tí kò dájú. Púpọ̀ nínú àwọn ìpinnu tí a ń torí wọn bú àwọn dókítà wa, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì kan tí ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ méjì. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí maléríà lára rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un lóògùn, ìlànà Nàìjíríà náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí ń wá, èròjà náà sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà tán. Bí ọmọ yìí bá lo oògùn ibà lóṣù tó kọjá, àyẹ̀wò lè sọ pé maléríà wà, kó sì jẹ́ pé òtútù àyà ló ń bá a jà lónìí. Lọ́dọ̀ wa níbí tí ẹ̀fọn pọ̀, ọmọ tún lè ní kòkòrò ibà díẹ̀ lẹ́jẹ̀ kó má jẹ́ òun ló dá a gúnlẹ̀. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò á sọ pé kò sí maléríà rárá, ìyá ọmọ á sì yarí pé òun mọ ibà bí òun bá rí i.

Dókítà tó mọṣẹ́ á ká aṣọ ọmọ náà sókè, á wo àyà rẹ̀, á ka iye ìgbà tó ń mí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún là á kalẹ̀: bí ọmọ oṣù méjì sí oṣù méjìlá bá mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ọmọ tó ti lé lọ́dún kan bá mí tó 40, mímí náà ti yá jù. Á tún bi ìyá léèrè. Ṣé ó ń mu omi? Ṣé gbogbo ohun tó mu ló ń bì? Ṣé gìrì mú un? Ṣé ó ń sun oorun tí kò ṣeé jí? Ẹyọ kan péré nínú wọn tó láti fi taari ọmọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn ló gbà, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló sì wọ́n jù ní ọ̀pọ̀ GOPD wa.

Ohun tó wà lápá ìgbẹ̀yìn ìlànà yẹn kì í sábà dé etí ará ìlú. Ọjọ́ tí ọmọ yóò padà wá wà níbẹ̀. Bí ibà kò bá lọ, kó padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí àmì ewu bá yọ, kó padà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò sí dókítà tó lè rí òpin àìsàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ìpadàwá ṣe apá kan ìtọ́jú, bí wọ́n ṣe fi oògùn ṣe apá kan rẹ̀.

Báwo ni ìyá ọmọ yìí yóò ṣe padà? Owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀. Ọjà tí kò ní tà lọ́jọ́ náà wà ńbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, yóò tún san owó káàdì tàbí owó rírí dókítà bí ẹni pé kò wá rí. Yóò tún tò láti ìdájí. Dókítà tó rí i lọ́jọ́ Ajé lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́rú, fáìlì lè ti sọnù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bó bá wò ó lọ wò ó bọ̀, á yà sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì ojú títì, á ra ohun tó bá fún un.

Dókítà mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má tún fojú kan ọmọ náà mọ́. Ohun tó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé kó fún ọmọ yìí ní oògùn tó yẹ àìsàn tó rí, kó kọ àmì ewu fún ìyá, kó sì tún un wò. Ohun tó máa ń ṣe ní tòótọ́ ni kó kọ oògùn maléríà, kó kọ oògùn apakòkòrò, kó fi òmíràn tì í, nítorí bí ìkan kò bá bá a, ìkejì lè bá a. Ìbẹ̀rù ló kọ ìwé oògùn yẹn, a kò sì lè dá ẹni tó di bírò mú lẹ́bi tán. A fi ìpinnu ọjọ́ mẹ́ta lé e lọ́wọ́, a ní kó ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ibẹ̀ náà ni "maléríà àti táífọ́ọ̀dù" ti wá, èyí tó ti di orúkọ kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń lò fún táífọ́ọ̀dù ní ọ̀pọ̀ láàbù wa, ọdún 1896 ni wọ́n ti gbé e jáde. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì lè kù lára láti inú àìsàn àtijọ́, láti inú abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí nítorí kòkòrò mìíràn tó bá a tan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣe é kò tó láti fi dájọ́. Àyẹ̀wò tó dára jù, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò lè hù jáde, ń gba ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ padà wá gba èsì. A tún ti dé ibi tí à ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yan èyí tí èsì rẹ̀ ń jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì ń gbé oògùn apakòkòrò mì fún àìsàn tí kò ṣe wọ́n, títí kòkòrò fi ń di ohun tí oògùn kò ràn mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpinnu lórí ibà tún le sí i. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ti òde òní, ti di ohun tó ń yọ Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ lẹ́nu lọ́dọọdún, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eku ló ń gbé e kiri. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ó rẹ̀ mí, ọ̀fun ń dùn mí: báyìí ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí dókítà kan nílẹ̀ Yorùbá tí kì í gbọ́ irú rẹ̀ lójúmọ́. Bó bá fura sí gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, ìjayà á bo ìlú, wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí kò bá fura sí ẹnikẹ́ni, òun àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ lè kó o, aláìsàn náà sì lè pàdánù àkókò tí oògùn ribavirin fi lè ràn án lọ́wọ́, nítorí oògùn náà ń fẹ́ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmì tó sábà máa ń ta dókítà lólobó ni ibà tí kò gbọ́ oògùn maléríà lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ta ni yóò mọ̀ pé ibà kò gbọ́ oògùn, bí aláìsàn bá ti gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì lọ?

Èkó rí ohun tí títún aláìsàn wò lè ṣe ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer, ará Liberia, bọ́ọ́lẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú àìsàn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléńdé. Maléríà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tún un wò. Kì í ṣe dókítà ẹbí, onímọ̀ ìṣègùn àgbà ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni ohun tí a ń sọ yìí: kò gbára lé orúkọ tí wọ́n ti fún àìsàn náà lánàá. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó fura sí Ebola, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣojú ìjọba Liberia ń fúngun mọ́ ọn kó lè lọ sí ìpàdé ní Calabar. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, Sawyer wà lára wọn, mẹ́jọ sì kú nínú wọn. Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ó tún aláìsàn náà wò, ìyẹn ló gba Èkó sílẹ̀, òun sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i.

Dókítà Adadevoh rí aláìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nítorí pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà. Ti dókítà ẹbí ti lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀rí tó ṣeé kà. Láti ọdún 2001 ni orílẹ̀-èdè Norway ti ní ètò tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi ní dókítà ẹbí kan tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin wò. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ti wà lọ́dọ̀ dókítà kan náà fún ohun tó lé ní ọdún 15, ikú fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò tíì ju ọdún kan lọ lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù ní pàjáwìrì sì fi bí ìdá 28 dín. Kò sí oògùn tuntun kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Dókítà mọ ènìyàn rẹ̀. Ó mọ̀ pé Màmá yìí kì í ráhùn, pé bó bá sọ lónìí pé inú ń run òun, nǹkan wà ńbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ní Ìmèsí-Ilé, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, Dókítà David Morley tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Wesley Guild Hospital ní Iléṣà dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá léraléra, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fi àmì sórí káàdì kan tó ń fi hàn bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọmọ náà, nọ́ọ̀sì ni o, dókítà ni o, á rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀ kó tó pinnu ibi tó ń lọ. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Àwa tí wọ́n ti ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la wá ń ti fáìlì aláìsàn mọ́ yàrá kan, tí a ń wá a títí ọ̀sán.

Àwọn ìpinnu kan wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú kòkòrò rárá. Bàbá ọlọ́dún 60 kan dé pẹ̀lú orí fífọ́ tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sun nínú ọpọlọ. Fọ́tò orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ CT yà lè gba gbogbo owó tí bàbá náà fi ń ṣòwò. Ìwé ìṣègùn sọ pé kí wọ́n yà á. Dókítà tó wà níwájú bàbá yìí mọ̀ pé bí òun bá fi lẹ́tà taari rẹ̀ láìsọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ká òun lára tó, ilé ni yóò gbé lẹ́tà náà lọ. Ó ní láti mọ ìgbà tí yóò fi ìbẹ̀rù rẹ̀ hàn, ìgbà tí yóò pe àwọn ọmọ bàbá náà lórí fóònù, ìgbà tí yóò sọ pé "ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín fún ọ̀sẹ̀ kan ná."

Àwọn ọmọ aláìsàn mìíràn tún lè wá dá dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ni." Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ara rẹ̀ ṣe wà, ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò ná an, ní èdè tó gbọ́ bó bá ti ṣeé ṣe. Èrò tiwa ni pé Màmá ló ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó mọ ilé yẹn lè bi Màmá léèrè jẹ́jẹ́: "Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká sọ ọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́ ọ, àbí ká bá àkọ́bí yín sọ ọ́?" Ìdáhùn Màmá ni yóò tẹ̀ lé. Ẹni tó ń rí Màmá fún ìgbà àkọ́kọ́ kò mọ bí yóò ṣe bi í.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wa ti fọwọ́ kan irú ìṣòro báyìí rí. Obìnrin kan kọ gbígba ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn kan dá a padà, Dókítà Okonkwo sì gbà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára títí obìnrin náà fi kú lọ́dún 1991. Ìgbìmọ̀ tó ń bá dókítà wí dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 2001 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò jẹ̀bi: ẹni tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Ìdájọ́ náà wúwo, àwọn tó lòdì sí i ṣì wà, ṣùgbọ́n a gbà pé ó tọ̀nà. Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé dókítà náà kò ti aláìsàn síta nítorí pé wọn kò fẹnu kò.

Àwọn kan yóò sọ pé dókítà kò tó, pé wọ́n ti jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ta ni yóò máa dúró de ẹni tó ń padà bọ̀. Àìtó dókítà gan-an ló yẹ kó mú wa tún èyí ṣe. Ẹni tó bá padà sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n kì í gba àkókò púpọ̀: ìtàn ti wà nílẹ̀, ìbéèrè méjì tó. Ẹni tó ń lọ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ló ń jẹ àkókò gbogbo wọn. Àwa tí à ń wá ìtọ́jú náà ní láti gbà pé a ń dá kún ìṣòro yìí. Ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ tàbí àpò oògùn jáde máa ń sọ pé dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan. Dókítà tó sọ pé "ẹ má lo nǹkan kan tó le títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ gba nọ́ńbà yìí," ti ṣiṣẹ́ tó ju ti ẹni tó kọ oògùn mẹ́fà lọ.

A ń bá àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, àwọn kọmíṣọ́nnà ìlera wọn, àti àwọn tó ń darí ètò adójútòfò ìlera bíi Ìlera Èkó sọ̀rọ̀. Ẹ fagi lé owó káàdì àti owó rírí dókítà fún ẹnikẹ́ni tó bá padà wá lórí àìsàn kan náà láàárín ọjọ́ méje. Ẹ kọ orúkọ dókítà sára káàdì, kí ẹni tó bá padà wá lè béèrè rẹ̀ lórúkọ. Ẹ fi àkọsílẹ̀ kékeré kan sọ́wọ́ aláìsàn, bí ti Ìmèsí-Ilé, kó máa gbé e wá. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ará ìlú wà lábẹ́ ètò kan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò tó ń san iye kan lóṣù fún ilé ìwòsàn lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn tó bá ń lé aláìsàn sẹ́yìn kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ máa ka iye ẹni tó padà wá tí wọ́n sì rí dókítà, kí ẹ sì máa gbé èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ìlú. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá náà ń jẹ dókítà ẹbí ní gbèsè kan: nígbà tó bá fi lẹ́tà taari aláìsàn, ẹ kọ èsì padà, ìlà mẹ́ta péré, kó lè mọ̀ bóyá ìpinnu tó ṣe lọ́jọ́ yẹn tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, kí bàbá mìíràn tó tún gbé orí fífọ́ dé iwájú rẹ̀.